Ẹni Tó Di Ilé Mú Ló Sọ Àpò Ìyà Kọ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Òwe náà ti pẹ́ lẹ́nu wa. Òun ni bàbá fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó ń lọ sókè òkun, òun náà ni ìyá fi ń parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù bí owó oṣù bá pẹ́ kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe náà kò gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rí. Ká ní ó gbà á ni, ì bá rí i pé àpò ìyà ti kúrò léjìká ẹni tó sọ ilé nù. Onítọ̀hún ti gba páálí Ìlú Ọba ní tirẹ̀, ó gbé e lé ojú ẹ̀rọ ní Heathrow, ilẹ̀kùn ṣí, ó ti kọjá, ó ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí. Ẹni tó kọ̀ tí kò sọ ilé nù, tó ní òun ò lè torí òtútù di òyìnbó, òun lẹ ó bá lórí ìlà níwájú ilé 56 ní Fleet Street, níbi tí wọ́n ti ń ṣe pásípọ́ọ̀tù wa ní Lọ́ńdọ̀nù, tó há fáìlì ńlá kan mọ́ abíyá. Òpópónà yẹn ni àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ilé nígbà kan rí. Ìròyìn ò tíì tán níbẹ̀. Àwa la kù tí a ń fẹnu gbé e láti iwájú ìlà dé ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká tú fáìlì náà wò.

Èyí tó wà lókè ni NIN, nọ́ńbà oníhóró mọ́kànlá tí àjọ ìdánimọ̀ ìjọba, NIMC, ń fún èèyàn. Láìsí i, kò sí pásípọ́ọ̀tù, ìbáà jẹ́ fún ọmọ tí wọ́n bí lóṣù tó kọjá ní Lewisham. Ọmọ tí kò tíì lè gbé ọrùn dúró, a ní kó wo kámẹ́rà gán-án, kó má rẹ́rìn-ín, kó má sì sunkún. Nọ́ńbà tirẹ̀ tún gbọ́dọ̀ so mọ́ ti òbí rẹ̀. Òbí tí orúkọ inú NIN rẹ̀ kò bá ti inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mu, kó pọn ọmọ rẹ̀ padà sílé ná.

Owó ńkọ́? Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ẹni tó ń gbà á nílé ń san ₦100,000 fún olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 fún olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá. Ti òkè òkun jẹ́ $150 àti $230. Mi ò ní torí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí wọn kò kọ mọ́ ọn ni owó ọkọ̀ òru láti Glasgow, owó iṣẹ́ ọjọ́ tí a kò lọ síbi iṣẹ́, àti owó ẹni tó ní òun mọ ẹnì kan nínú lọ́hùn-ún.

Lábẹ́ NIN ni ìwé tí mo fẹ́ràn jù wà, ìwé ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó ń jẹ́rìí pé ọmọ bíbí ìlú báyìí ni ẹni tó mú un dání. Òfin ló bí i. Abala 25 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò wulẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí. Ó ń béèrè bóyá òbí rẹ, tàbí òbí tó bí wọn, jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tàbí ara àwùjọ kan tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé òfin náà gbọ́ Yorùbá. Ó fẹ́ mọ ọmọ ilé ta ni ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń kúrò ní Fleet Street dé Pópó Yemọja ní Ìbàdàn nìyẹn. WhatsApp á dún ní agbo-ilé kan láàárọ̀ kùtù: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi níbí.” Ẹ̀gbọ́n á wọ bàtà, á tọ mọ́gàjí, olórí agbo-ilé, lọ. Bàbá wà lójúde, wọ́n ń jẹ obì.

“Ta lẹ ní ó fẹ́ gbà á?”

“Ọmọ Bọ̀dá wa ni, bàbá.”

“Èwo nínú wọn?”

“Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.”

“Ṣé èyí tí kò wá síbi òkú ìyá àgbà?”

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lókè òkun kò mọ̀ pé ibí ni ìwádìí gidi ti ń wáyé. Owó ẹbí tí a kò dá, aṣọ ẹbí tí a kò rà, òrùlé ilé bàbá tó ń jò, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa tí a ṣe bí ẹni tí kò rí i, gbogbo rẹ̀ ni bàbá máa gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó ní kí ọmọdé bá àwọn mú bíírò wá. Bí wọ́n bá sì buwọ́ lù ú, wọ́n buwọ́ lu ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ ìyá tó bí i, wọ́n mọ yàrá tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, wọ́n mọ̀ pé ìrìn bàbá rẹ̀ ló ń rìn. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n á gbé ìwé náà lọ lẹ́yìn náà, fọ́tò méjì ni akọ̀wé máa béèrè, àti owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ̀rín máa ń pa mí níbí. Ìbàdàn, nínú gbogbo ìlú, ló ń fún èèyàn níwèé pé onílẹ̀ ni! Ìlú tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ fi ṣe ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829. Baba ńlá àwọn tó ń buwọ́ lùwé lónìí gbé apó àti ọfà wọlé ni, wọn ò gbé lẹ́tà kankan wọlé. Ká ní ẹnì kan dúró lẹ́nu ibodè tó ń sọ pé “ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yín dà?”, igbó ni à bá ṣì máa pe Ọjà'ba títí di òní. Ẹni tó bá lè jà, tó rí olóyè tó gbà á sílé, ó ti di ọmọ Ìbàdàn nìyẹn. Àwọn tó ti ìgbèkùn wá náà di ọmọ agbo-ilé, wọ́n gba oríkì, wọ́n gba ilà. Àbàjà, kẹ́kẹ́, pélé, ojú la kọ ọ́ sí. Kò sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ sílé, kò sì ní ọjọ́ tó máa kú lára ẹni tó ń lò ó.

Ilé tó wà ní Pópó Yemọja kò sún kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì rẹ̀ ti rin ìrìn-àjò ju onílé lọ. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún 1960, abẹ́ Western Region ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó fi máa wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún 1967, ó ti di Western State. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì 1976, ó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ tó kọ sínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ni Ibadan Municipal, ìyẹn náà sì fọ́ sí márùn-ún lọ́dún 1991. Gbogbo èyí, ibi kan náà ni baba jókòó sí. Ní báyìí tó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Manchester, ojú kọ̀ǹpútà ní kó yan ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Ó wá Western Region, kò rí i, ó yan Ọ̀yọ́. Òṣìṣẹ́ wo ìwé ìbí, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní wọn ò bára mu. Baba ní ìjọba ló pín ilẹ̀, òun ò bá wọn dé ìdí ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n lọ búra ní kóòtù.

Ọjọ́ ìbí náà ń bọ̀ wá gba ìbúra. Ìyá àwọn èèyàn wa kì í sọ pé ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí. Wọ́n á ní oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ta nínú àwọn nígbà tí mọ́tò pa Adélabú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹta 1958 ni Adégòkè Adélabú, gbajúmọ̀ olóṣèlú Ìbàdàn, kú lójú ọ̀nà. Oyún oṣù mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, ọmọ inú oṣù Kẹsàn-án ni. Èwo ni kò yéni níbẹ̀? Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún Adélabú. Ẹni tó lọ bá wọn ṣe ìbúra ọjọ́ orí kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìíní 1958, nítorí pé ó rọrùn láti rántí. Ìjọba wá gba ìwé tó purọ́, ó sì kọ ìyá tó sọ òótọ́. Bó ṣe rí fún ọmọ ogun Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn, àwọn tí wọ́n bí nígbà tí àgbẹ̀ ń bá ìjọba jà lórí owó orí láàárín 1968 sí 1969. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ Ògùnpa, tí wọ́n bí nígbà tí omi odò náà ya wọ ìlú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1980. Ìran mẹ́ta tó mọ ọjọ́ orí ara wọn láìṣìnà, àfi nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, àwa náà dá kún un. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gé ọdún márùn-ún kúrò. Àbúrò tó ń gbá bọ́ọ̀lù gé méje. Ẹlòmíràn fi ọdún kan kún tirẹ̀ kó lè ráyè ṣe ìdánwò. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti gbé gbogbo wa sínú àpótí kan náà, àkọ́bí ìdílé ti di àbúrò àbíkẹ́yìn, ìyá kan sì wà tó bí ọmọ méjì láàárín oṣù mẹ́rin láìjẹ́ ìbejì. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN ti di ₦28,574 láti ọdún 2025. Ó ti wọ́n láti di ọmọdé.

Orúkọ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àdúgbò tí ilé Yemọja wà, orúkọ tó fi Omí bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣọ̀wọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú Omídìran. Baba ńlá ń jẹ́ Omídìran, ará ilé àti ará oko ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ó di Abdul-Rahman, ó tán. Èkejì lọ sílé-ẹ̀kọ́ ìjọ, tíṣà fi omi sílẹ̀, ó kọ Olúdìran. Ọmọ Olúdìran dé Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ríran sí i pé omi ń lé e kiri, ó di Jésùdìran lọ́sẹ̀ kan náà. Ọmọ tirẹ̀ wà ní Croydon, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè pe gbogbo ìyẹn, ó di Jay. Nígbà tí Jay fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ta ni wọ́n ń wá kiri Pópó Yemọja? Mọ́gàjí ò mọ Jésùdìran kankan. Omídìran ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà, wọ́n sì fi kún un lẹ́nu pé kí ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí omi ṣe é.

Kí ẹ tó dá bàbá yẹn lẹ́bi, ẹ rántí ìkómọ tí ẹ ṣe kẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá ju owó sínú omi ló sọmọ lórúkọ: ìyá ìyá, ìyá bàbá, àbúrò bàbá tó dá ẹran, àti ẹnì kan tí a ò tíì mọ̀ títí di òní. Ọmọ jẹ́ orúkọ mọ́kànlá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òbí ní ọjọ́ 42 láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ìyàwó kọ méjì tó wù ú, ọkọ ní ọ̀kan ti bọ́ sílẹ̀ tó jẹ́ ti ìyá òun. Ìjà yẹn náà wà nínú fáìlì, ẹ ó rí i níbi tí orúkọ ọmọ lórí NIN ti gùn ju ti orí ìwé ìbí lọ.

Ìwé ìròyìn ń jẹ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ Ṣọlá rẹ̀ ní Sola nínú ìwé kan, tí wọ́n kọ ọ́ ní Shola nínú èkejì, á lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni òun. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún sanwó fún ìwé ìròyìn kí wọ́n bá òun kéde fún gbogbo ayé pé Sola àtijọ́ ti di Shola báyìí, kí àwọn ìwé òun àtẹ̀yìnwá má ṣe bàjẹ́. Mo máa ń ka ojú-ewé yẹn kí n tó ka ti òṣèlú. Ìlú tí èèyàn ti ń sanwó kó tó lè jẹ́ ara rẹ̀ ni à ń gbé.

Ẹ ó ní, ṣé káàdì ìdánimọ̀ kò sí láti ọjọ́ yìí ni? Ìjọba fi iṣẹ́ káàdì lé ilé-iṣẹ́ SAGEM ti ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ lọ́dún 2001, $214 mílíọ̀nù. A tò, a ya fọ́tò lọ́dún 2003. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ń gbé mínísítà àtàwọn mìíràn lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn rìbá nídìí káàdì náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò fojú kan tiwọn títí di òní. Òfin tó dá NIMC sílẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Lọ́dún 2014, Ààrẹ Jonathan gba káàdì tuntun níṣojú ayé, ó ní àmì MasterCard lára. Lóṣù Kejìlá 2020, ìjọba ní gbogbo sííìmù gbọ́dọ̀ so mọ́ NIN, àrùn Kòrónà wà níta, a sì lọ fún ara wa pa lórí ìlà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà ló kù. Ó rọrùn fún ìjọba láti fúnni ní nọ́ńbà, kò ní ibi tí èèyàn á ti rí i pé ó ti ṣí.

Kí n má baà di ẹni tó ń rí ìdọ̀tí nìkan, wọ́n ṣe dáadáa níbì kan. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Tunji-Ojo di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lọ́dún 2023, pásípọ́ọ̀tù 204,332 ló wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì tẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí ló bí mi nínú jù. Ohun tí wọ́n sọ fún wa fún ọdún gbọọrọ pé ó ṣòro, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló gbà. Lọ́dún 2024, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti Kánádà, tí èèyàn á fi fóònù ya ojú àti ìka rẹ̀ nílé, tí kò ní wọkọ̀ lọ síbì kankan, fún àwọn tó kàn fẹ́ sọ ìwé àtijọ́ dọ̀tun. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní Olúdìran bọ́ sí Jésùdìran kò lè bá ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó sì mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn pé oṣù Kejìlá yìí ni ìwé òun máa kú, ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kọkànlá ló máa rántí, lẹ́yìn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó ti rán aṣọ, tó ti sọ fún DJ. Òun gan-an ni àwọn agbódegbà ń dúró dè. Kò sí ẹni tó lè sọ wọ́n di tálákà níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n máa ń ki Ìbàdàn pé kì í gbe onílé bó ṣe ń gbe àjèjì. Àbùjá ti kọ́ ọ lára wa. Lóṣù Karùn-ún 2025, ìjọba gbé físà orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde fún àjèjì: kó jókòó sílé, kó kọ fọ́ọ̀mù, kó sanwó, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i láàárín wákàtí 48. Wọn ò ní kó wá tẹ ìka ní Fleet Street, wọn ò bi í ní mọ́gàjí. Ọmọ Pópó Yemọja kan tí fáìlì ti sú ka ètò yìí lórí fóònù, ó wo páálí Ìlú Ọba tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ní kí ló dé? Òun náà á di àjèjì.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ìdí ìrìn-àjò? Ó kọ pé àbẹ̀wò. Ibi tí yóò dé sí? Ó kọ nọ́ńbà ilé bàbá rẹ̀. Orúkọ ẹni tó máa gbà á lálejò? Ó ronú díẹ̀, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Wọ́n wá béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni náà, pé òun mọ àlejò yìí, pé òun dúró fún un, pé nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, òun á rí i dájú pé ó fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ka gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá, ó ní kí ẹ̀gbọ́n bá wọn kọ ọ́, kí wọ́n tẹ̀ka sí i.

Ìyá gbọ́ ọ parí.

“Ọjọ́ wo,” ni wọ́n bi í, “lo fẹ́ kí n kọ pé màá lé ọ?”